Ọ̀sẹ̀ Kan ní Àgbádárìgì: Ta Ló Kù Lẹ́yìn Tí Àlejò Lọ?

Ọ̀rọ̀ òní gùn díẹ̀. Ẹni tó bá gbé ọbẹ̀ kaná, kó kọ́kọ́ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kó má lọ jóná nítorí Pásítọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dé òpin, torí ó kan ìrìn àjò tí ìjọ wa ń múra rẹ̀ lọ́wọ́.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé lọ́dọọdún la máa ń lọ lo ọ̀sẹ̀ kan ní abúlé kan létí òkun Àgbádárìgì. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ti lọ. A máa ń kó ìrẹsì, aṣọ, oògùn ibà, jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ. A máa ń gbàdúrà, a máa ń wàásù, a máa ń ka iye ọkàn tó jáde wá síwájú. Ẹ̀yin náà máa ń rí fọ́tò rẹ̀ níbí, ẹ sì máa ń yin Olúwa lógo pẹ̀lú wa.

Lọ́dún tó kọjá, bí a ṣe ń di ẹrù sínú ọkọ̀ láti padà, ìyá àgbà kan tó ń yan ẹja fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó wá bá wa. Èdè Ògù ló sọ, ọmọ rẹ̀ ló túmọ̀ fún wa. Ìyá ní: "Ẹ ṣeun tí ẹ wá. Ọkọ mi tí ẹ gbàdúrà fún ní èṣí, tí ẹ ní ẹ máa padà wá wò, oṣù méjì lẹ́yìn tí ẹ lọ ló kú. Ó ń béèrè yín títí ó fi kú. Ta ni à bá ránṣẹ́ sí?"

Ẹ̀yin ará, a ò rí èsì fọ̀. A kàn ń wolẹ̀. Nínú ọkọ̀ tá a fi kọjá ọ̀sà padà, kò sẹ́ni tó dá orin lọ́jọ́ yẹn.

Nígbà tá a délé, a lọ wá ìtàn Àgbádárìgì, bí ìhìnrere ṣe kọ́kọ́ débẹ̀. Àwa ìjọ Pẹ́ńtíkọ́sítì, ẹ jẹ́ ká sòótọ́, ìtàn kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ wá lógún. Bí wọ́n bá ti dárúkọ Àgbádárìgì, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ló máa ń wá sí wa lọ́kàn, àti ibi tí wọ́n ti ń kó ẹrú lọ. A ó ya fọ́tò, a ó mu omi àgbọn, a ó padà sí Èkó. Àṣé ọ̀rọ̀ tí ìyá yẹn bá wa sọ, ó ti wà nínú ìtàn yẹn kí wọ́n tó bí ìyá ìyá rẹ̀.

ÀWỌN TÓ RÁNṢẸ́ PÈ

Ẹ ò ní gbà gbọ́ pé kì í ṣe òyìnbó ló kọ́kọ́ gbé orúkọ Jésù padà wá sí etíkun yẹn. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n tà lẹ́rú ni.

Ẹ mọ ọ̀nà tí wọ́n gbà kó wọn lọ. Láti ọjà Vlekete nínú ìlú, wọ́n á fi ọkọ̀ gbé wọn kọjá ọ̀sà sí erékùṣù Gberefu, wọ́n á sì rìn nínú iyanrìn gbígbóná dé etí òkun. Ẹni tó bá ti débẹ̀, àwọn ará ilé rẹ̀ ti sọ̀rètí nù.

Ṣùgbọ́n Ọlọ́run ò sọ̀rètí nù. Lẹ́yìn tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣòfin ní 1807 pé òwò ẹrú ti di èèwọ̀ fún àwọn èèyàn wọn, ọkọ̀ ogun wọn bẹ̀rẹ̀ sí í dá ọkọ̀ ẹrú dúró lójú òkun. Àwọn tí wọ́n bá gbà sílẹ̀, Freetown ní Sierra Leone ni wọ́n ń kó wọn lọ. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ Ẹ̀gbá, ọmọ Ọ̀yọ́ àti àwọn ọmọ ilẹ̀ wa mìíràn ti gbọ́ ìhìnrere, tí wọ́n kọ́ ìwé, tí wọ́n kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, tí wọ́n ń ṣòwò. Àwọn la wá ń pè ní Sàró.

Nígbà tó di bí 1839, àárò ilé ò jẹ́ kí wọ́n gbádùn. Wọ́n dáwó jọ, wọ́n ra ọkọ̀ ojú omi. Ọkọ̀ wo? Ọkọ̀ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú, tí ìjọba ń tà ní gbàǹjo! Ẹ tún un kà. Irú ọkọ̀ tó kó wọn lọ nínú ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀, òun ni wọ́n fowó ara wọn rà láti fi padà wálé. Bí ẹ bá ń wá ẹ̀rí ìgbàlà, ẹ ò ní láti lọ jìnnà.

Àwọn tó kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ sí Èkó nínú wọn ò rójú rere. Wọ́n gba ẹrù wọn. Ìyẹn ló jẹ́ kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn yan Àgbádárìgì, kí wọ́n lè gba ibẹ̀ wọ inú ilẹ̀ lọ sí Abẹ́òkúta lọ́dọ̀ àwọn ẹbí wọn. Ní 1839 yẹn náà, àwọn àgbà wọn ní Freetown kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pé kí wọ́n jẹ́ káwọn dá ìlú sílẹ̀ ní Àgbádárìgì, kí ìhìnrere lè dé ilẹ̀ àwọn. Ní 1841, ọ̀kan nínú àwọn tó ti dé Àgbádárìgì, tó ń jẹ́ James Ferguson, kọ lẹ́tà sí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ní Sierra Leone. Ó ní kí wọ́n fi míṣọ́nnárì ránṣẹ́.

Ẹ rántí Pọ́ọ̀lù nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 16. Ó rí ọkùnrin ará Makedóníà kan lójú ìran, tó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó wá ràn wọ́n lọ́wọ́. Ní ti Àgbádárìgì, kì í ṣe ojú ìran. Èèyàn gidi ló jókòó, tó fi gègé kọ ọ́ sínú ìwé. Nítorí náà, kí míṣọ́nnárì tó dé, àwọn tó ń gbàdúrà ti wà níbẹ̀. Wọn ò bá ilẹ̀ ṣófo.

ỌKÙNRIN TÓ Ń JẸ́ FREEMAN

Ẹni tí wọ́n rán wá ni Thomas Birch Freeman. Ọ̀pọ̀ wa ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ ní iléèwé, a rò pé òyìnbó pátápátá ni. Rárá o. Ènìyàn dúdú ni bàbá rẹ̀, òyìnbó ni ìyá rẹ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n bí i sí ní 1809. Iṣẹ́ ọgbà ló ń ṣe kí Olúwa tó pè é, ó mọ̀ nípa òdòdó àti igi.

Ní oṣù kìíní ọdún 1838, òun àti ìyàwó rẹ̀ dé Cape Coast, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Gánà lónìí. Kí oṣù kejì tó parí, ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé ẹ̀fọn pọ̀ jù ní abúlé tí à ń lọ, ẹ fi ìyẹn ṣe àṣàrò. Freeman sin ìyàwó rẹ̀ tán, kò padà. Lọ́dún kejì, 1839, ó ti dé Kumasi lọ́dọ̀ ọba Àṣáńtì.

Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án ọdún 1842, ọjọ́ Sátidé, Freeman gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Ọkọ̀ ńlá kì í lè súnmọ́ etíkun wa nígbà yẹn nítorí ìgbì. Ọkọ̀ kékeré ló máa ń gbé èèyàn la àárín ìgbì kọjá dórí iyanrìn, lẹ́yìn náà èèyàn á tún wọ ọkọ̀ míì kọjá ọ̀sà kó tó dé ìlú. Àwọn tó ti bá wa lọ mọ bí ọ̀sà yẹn ṣe rí, ẹ mọ ẹni tó pariwo "Jésù!" láàárín omi lọ́dún kìíní. A ò ní dárúkọ.

Freeman nìkan kọ́ ló wá. William de Graft àti ìyàwó rẹ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ di orúkọ yẹn mú, a ń padà bọ̀ sórí rẹ̀.

Lábẹ́ igi ńlá kan tí wọ́n ń pè ní igi Àgíà ni ìtàn sọ pé wọ́n ti kọ́kọ́ wàásù. Igi yẹn wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́fà lẹ́yìn ìwàásù yẹn, títí ó fi wó ní ọjọ́ 20 oṣù kẹfà ọdún 1959. Òpó ìrántí ló wà ní ojú ibẹ̀ báyìí.

Freeman ò jókòó sójú kan. Ní ọjọ́ 11 oṣù kejìlá, ọjọ́ Sunday, ó wọ Abẹ́òkúta. Ṣódẹkẹ́, olórí Ẹ̀gbá tó kó wọn dé abẹ́ Olúmọ ní nǹkan bí 1830, gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Àwọn Sàró tó ti padà sílé ń yọ̀ mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ló gbéra, ó padà sí Àgbádárìgì. Ọjọ́ 24 oṣù kejìlá ló débẹ̀, ọ̀la Kérésìmesì.

Ibí ni ọ̀sẹ̀ tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀SẸ̀ YẸN GAN-AN

Bí Freeman ṣe dé, ó bá àlejò. Henry Townsend ni, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, tí ìjọ C.M.S. rán wá láti Freetown. Kò tíì di àlùfáà nígbà yẹn, tíṣà ni. Ọmọ Ẹ̀gbá kan wà pẹ̀lú rẹ̀ tó ń jẹ́ Andrew Wilhelm, ẹni tó ti di onígbàgbọ́ ní Sierra Leone. Òun náà ń bọ̀ wá wo ilẹ̀ àwọn bàbá rẹ̀.

Ọjọ́ kejì jẹ́ Kérésìmesì, ó sì bọ́ sí ọjọ́ Sunday. Mẹ́tọ́díìsì ni Freeman, C.M.S. ni Townsend. Wọ́n jọ sin Ọlọ́run pọ̀ lọ́jọ́ yẹn, àwọn àti àwọn Sàró tó wà nílùú. Ìsìn Kérésìmesì yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń kà sí àkọ́kọ́ nílẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí.

Ẹ ronú sí i díẹ̀. Kò sí pátákó ṣọ́ọ̀ṣì, kò sí asia. Kò sí ẹni tó ń sọ pé "àwa la kọ́kọ́ débí." Bẹ́ẹ̀, Freeman ni ì bá sọ ọ́, òun ló kọ́kọ́ dé! Lónìí, bí ìjọ wa bá ṣí ẹ̀ka sí àdúgbò, tí ìjọ míì ṣí tiwọn sí òdìkejì títì, a ó gbàwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lé wọn lórí. Olúwa, ṣàánú wa.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìsìn náà. Kó tó pẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n ti túká. Ní ọjọ́ 4 oṣù kìíní ọdún 1843, Townsend ti wà ní Abẹ́òkúta níwájú Ṣódẹkẹ́. Òun náà rójú rere. Bí ọjọ́ mẹ́wàá péré ló lò níbẹ̀, ó padà sí Freetown láti lọ jíṣẹ́, ó sì kọjá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti lọ gba oyè àlùfáà. Freeman ní tirẹ̀ wọkọ̀ lọ sí ilẹ̀ Dahomey láti lọ bá Ọba Gezo sọ̀rọ̀ ní Abomey, ibẹ̀ ló gbà padà sí Cape Coast.

Àwọn méjèèjì tí orúkọ wọn wà nínú gbogbo ìwé ìtàn, tí a fi orúkọ wọn sọ ilé ẹ̀kọ́ àti ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ti lọ. Igi Àgíà ṣì dúró. Àwọn Sàró ṣì wà níbẹ̀. Ta ló wá kù tó máa kọ́ ọmọ wọn? Ta ló máa sin òkú wọn? Ta ni wọn ó ránṣẹ́ sí lóru?

Ìbéèrè ìyá ẹlẹ́ja nìyẹn o.

ẸNI TÓ KÙ

William de Graft ló kù, òun àti ìyàwó rẹ̀.

Ta ni de Graft? Ọmọ Fanti ni, ènìyàn dúdú bíi tiwa. Ní 1831, ó wà lára àwọn ọ̀dọ́ kan ní Cape Coast tí wọ́n ti kọ́ ìwé ní iléèwé inú odi òyìnbó. Kò sí pásítọ̀ kankan tó darí wọn. Àwọn fúnra wọn ló kó ara wọn jọ, tí wọ́n ń ka Bíbélì, tí wọ́n ń béèrè ohun tó wí. Bíbélì ò tó wọn. Wọ́n bẹ ọ̀gá ọkọ̀ òkun kan tó ń jẹ́ Potter pé kó bá àwọn ra Bíbélì bọ̀. Ọ̀gákọ̀ náà délé, ó sọ fún ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ìjọ náà ní àwọn ò ní fi Bíbélì nìkan ránṣẹ́, àwọn ó fi èèyàn kún un. Èèyàn náà, Joseph Dunwell, dé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1835. Kí oṣù kẹfà tó parí, ó ti kú.

Ẹ rí i pé de Graft mọ bó ṣe máa ń rí kí olùkọ́ kú mọ́ni lójú nígbà tí ìjọ ṣì wà lọ́mọ ọwọ́. Ó mọ ohun tó túmọ̀ sí kí wọ́n fi ọmọ tuntun sílẹ̀ láìsí ìyá. Nígbà tó kàn án ní Àgbádárìgì, ó jókòó.

Ìlú òkèèrè ni Àgbádárìgì jẹ́ fún un. Kì í ṣe ilé rẹ̀, kì í ṣe èdè rẹ̀. Òun àti ìyàwó rẹ̀ dá iléèwé sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1843, wọ́n sì sọ ọ́ ní Nursery of the Infant Church. Ọmọ àwọn Sàró ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó nínú kíláàsì rí ní Nàìjíríà, tí ẹ ti ka ábídí, ẹ jẹ tọkọtaya yẹn ní gbèsè. Àwọn ìwé ìtàn ò tilẹ̀ sábà dárúkọ ìyàwó. Wọn á kàn kọ "Mrs. de Graft". Ẹ̀yin màmá ìjọ tí ẹ máa ń se oúnjẹ fún àwọn oníwàásù, tí orúkọ yín kì í sí nínú ìwé ètò, Ọlọ́run ò ṣàì rí yín.

ỌDÚN KAN ÀÀBỌ̀ TÍ KÒ SÍ NÍNÚ ÈTÒ

Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1845, Townsend padà dé sí Àgbádárìgì. Ó ti di àlùfáà. Gollmer, ọmọ Jámánì, wà pẹ̀lú rẹ̀. Samuel Ajayi Crowther náà wà pẹ̀lú wọn, ọmọ Òṣoogùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, tí wọ́n sì gbé gba Èkó lọ lójú òkun ní 1822.

Ètò wọn ni pé kí wọ́n kàn kọjá. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ. Ṣùgbọ́n ìròyìn dé pé Ṣódẹkẹ́ ti kú. Ogun sì ti dí ọ̀nà. Ni wọ́n bá há sí Àgbádárìgì fún bí ọdún kan ààbọ̀.

Bí ó bá ṣe àwa ni, a ó ní èṣù ló dí ọ̀nà. A ó so òkè mọ́lẹ̀, a ó tú ìdè. Wọ́n gbàdúrà lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n tún yọ́kọ́ sílẹ̀, wọ́n ń ṣiṣẹ́. Wọ́n kọ́lé. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ẹ máa ń ya fọ́tò níwájú rẹ̀ létí ọ̀sà, tí wọ́n parí ní 1845, inú àkókò ìdádúró yẹn ló ti jáde. Wọ́n dá iléèwé sílẹ̀. Wọ́n ń wàásù. Crowther ń túmọ̀ Ìwé Mímọ́ sí Yorùbá. Ohun tá a wá ń pè ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé lónìí, ìdádúró ló bí i.

Ní àárín ọdún 1846 ni ọ̀nà tó là, tí Crowther àti Townsend fi dé Abẹ́òkúta. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún yẹn, obìnrin àgbàlagbà kan wọlé wá bá Crowther. Ìyá rẹ̀ ni, Àfàlá. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni wọn ò ti fojú kan ara wọn. Ní oṣù kejì ọdún 1848, wọ́n ṣe ìrìbọmi fún ìyá náà, wọ́n sọ ọ́ ní Hannah.

Ẹ gbọ́ o. Bí Crowther bá ti bínú wọkọ̀ padà sí Freetown lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ní Àgbádárìgì nítorí pé ọ̀nà dí, tí ó ní òun ti gbìyànjú, ìyá rẹ̀ ì bá kú láì tún rí i.

IBI TÍ WỌ́N TI KÙNÀ

A ò ní fi ìtàn pọ́nni lé kọjá bó ṣe yẹ. Ibì kan wà tó dùn wá.

Àwọn wo ló ni Àgbádárìgì? Àwọn Ògù ni, àwọn tí a sábà ń pè ní Ẹ̀gùn. Ṣùgbọ́n àwọn míṣọ́nnárì fi Àgbádárìgì ṣe ẹnu ọ̀nà. Wọ́n ń gba ibẹ̀ wọlé lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Abẹ́òkúta ló wà lọ́kàn wọn, Yorùbá ni wọ́n ń kọ́. Ọ̀pọ̀ nínú ìjọ wọn ní Àgbádárìgì jẹ́ Sàró àti Yorùbá tó wá gbé ibẹ̀. Àwọn Ògù tó nilẹ̀ ò pọ̀ níbẹ̀. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Èkó ní òpin 1851, Gollmer kó lọ sí Èkó ní 1852. Àgbádárìgì tó jẹ́ ọ̀gangan àkọ́kọ́ wá di ibi tí wọ́n ń boju wẹ̀yìn wò.

Ẹ fi ọdún Bíbélì wò ó. Odindi Bíbélì Yorùbá pé ní 1884. Odindi Bíbélì ní èdè Ògù kò pé títí di 1923. Ọdún mọ́kàndínlógójì ló wà láàárín. Bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ Ògù ni ẹsẹ̀ Freeman àti Townsend ti kọ́kọ́ balẹ̀!

Nígbà tí a ka ibẹ̀, ojú tì wá. Torí pé ẹ̀ẹ̀mẹta la ti lọ sí abúlé yẹn, Yorùbá la fi wàásù, Yorùbá la fi kọrin. Ọmọdé kan tó ń túmọ̀ fún wa, a ò mọ̀ bóyá ohun tá a sọ ló ń sọ. Àwa tí inú ń bí bí òyìnbó bá pe orúkọ wa láìdáa, a ò kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn lówùúrọ̀ ní Ògù.

A tún ní ẹ̀ṣẹ̀ kan láti jẹ́wọ́ níwájú gbogbo yín. Ìjọ àtijọ́ kan wà ní abúlé yẹn. Ilé wọn kéré, òrùlé rẹ̀ ti dípẹtà, bàbá kátíkíìsì kan ló ń darí rẹ̀ láti ìgbà pípẹ́. Lọ́dún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a ò kí bàbá yẹn. A gbé gbohùngbohùn wa kọjú sí ilé àdúrà wọn, a ń pariwo pé ìmọ́lẹ̀ ti wọ abúlé. Ta wá ni bàbá? Òkùnkùn ni? Àṣé bàbá yẹn ló sin ọkọ ìyá ẹlẹ́ja. Òun ló kù. De Graft ti abúlé yẹn nìyẹn, a ò sì dá a mọ̀.

Ní oṣù tó kọjá, àwa àti Màmá ìjọ gbéra, a ò sọ fún ẹnikẹ́ni, a lọ dọ̀bálẹ̀ fún bàbá, Màmá kúnlẹ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ti máa ń gbàdúrà fún wa lọ́dọọdún kí ọkọ̀ wa má bàa dà lójú omi.

OHUN TÁ A FẸ́ ṢE

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, ìrìn àjò ọdún yìí máa yàtọ̀. Ọ̀sẹ̀ kan yẹn ò burú. Ọ̀sẹ̀ kan ni Freeman àti Townsend fi pàdé. Ọjọ́ mẹ́wàá ni Townsend lò lọ́dọ̀ Ṣódẹkẹ́, ó sì ṣílẹ̀kùn. Ọ̀sẹ̀ kan lè gbin irúgbìn. Ṣùgbọ́n ta ló ń ro oko? Àgbẹ̀ tó gbin àgbàdo tó sálọ sí ìlú, ọ̀yà àti ẹyẹ ni yóò bá a kórè.

Àkọ́kọ́, a ti bẹ bàbá kátíkíìsì kó jẹ́ olórí wa lọ́sẹ̀ yẹn. Ohun tó bá ní ká ṣe la máa ṣe. A ò ní gbé pátákó ìjọ wa lọ.

Èkejì, owó tá a máa fi ń háyà gbohùngbohùn àti kánópì, a ti yọ ìdajì rẹ̀. Òun la máa fi bọ́ ẹni tó bá dúró.

Ẹ̀kẹta, èyí ló le jù. A ń wá èèyàn tó máa dúró. Ọdún kan. Tọkọtaya ni a bá fẹ́, kí ọ̀kan jẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí tíṣà bó bá ṣeé ṣe. Kí wọ́n gbé ibẹ̀, kí wọ́n kọ́ Ògù, kí wọ́n máa kọ́ ọmọ ní ìwé, kí wọ́n mọ orúkọ aláìsàn kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n wà níbẹ̀ nígbà tí àwọn èèyàn ń sọkún, kì í ṣe ìgbà orin nìkan.

Ẹ jẹ́ ká sọ ibi tí nǹkan dé fún yín láìfi pamọ́. Títí di òwúrọ̀ òní, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láti lọ fún ọ̀sẹ̀ kan ti lé ní ogójì. Aṣọ ẹgbẹ́ gan-an, wọ́n ti ń yan àwọ̀. Àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láti dúró, ẹnì kan ò tíì sí.

A ò bínú sí ẹnikẹ́ni. A mọ̀ pé iṣẹ́ wà, ilé ìwé ọmọ wà, owó ilé wà. Àwa gan-an ti jókòó sọ ọ́, àwa àti Màmá ìjọ. Bí ẹnikẹ́ni ò bá jáde, àwa la máa dúró fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, àwọn pásítọ̀ kékeré á máa bójú tó ilé. A ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ Ògù lọ́wọ́ arábìnrin kan nínú ìjọ wa. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń fi wá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n a ń gbìyànjú.

Nígbà tí ọkọ̀ bá gbéra lọ́dún yìí, tí àwọn tó kù nínú wa bá ń juwọ́, a fẹ́ kí ìyá ẹlẹ́ja yẹn bojú wẹ̀yìn, kó rí i pé ẹnì kan ṣì dúró lórí iyanrìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun.

Ẹ bá wa gbàdúrà. Olúwa tó dá àwọn ẹrú padà nínú ọkọ̀ tí wọ́n fi kó ẹrú, tó mú Àjàyí padà bá ìyá rẹ̀, kó fi ẹni tó máa dúró sáàárín wa. Kó má jẹ̀ẹ́ ká jẹ́ àlejò títí láé nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ní orúkọ Jésù. Ẹ sọ pé Àmín.

Ẹni tí Ẹ̀mí bá bá sọ̀rọ̀, kó wá rí wa lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Wẹ́sìdeè, tàbí kó ránṣẹ́ sí Màmá ìjọ. A ò ní kéde orúkọ yín. Ẹ kàn wá.

Àwa ìránṣẹ́ yín nínú Olúwa.